Bọ́ọ̀lù Aago Méje Àbọ̀ Àárọ̀

Ọ̀rọ̀ kan ló ń fa àríyànjiyàn lórí fóònù ilé wa láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, a ní ká gbé e wá síbí.

Ọmọ àbúrò wa kan wà ní ìlú Norman, ní Oklahoma lọ́hùn-ún, yunifásítì ibẹ̀ ló ń lọ. Ó pè wá, inú ń bí i. Ó ní wọ́n tún ti gbé bọ́ọ̀lù yunifásítì àwọn sí aago mọ́kànlá àárọ̀ Sátidé. A ní, "Aago mọ́kànlá lẹ ń pè ní kùtùkùtù? Ìgbà yẹn àwa ti tajà tán ká tó jẹun àárọ̀!" Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Dádì Jos, ẹ ò mọ bọ́ọ̀lù wọn ni."

Òótọ́ ni, a ò mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe irú tiwa. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbá a mọ́ra sáré, wọ́n ń jù ú, wọ́n sì ń kan ara wọn bí àgbò. Ó máa ń gba wákàtí mẹ́ta àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Pápá tiwọn ní Norman ń gba èèyàn tó lé ní 80,000, bẹ́ẹ̀ ọmọ ilé ìwé ló ń ṣeré níbẹ̀ o. Ẹni tó bá máa wa mọ́tò wákàtí mẹ́ta wá, òru ló máa jí. Adùn rẹ̀ gan-an ò sì sí nínú pápá. Ibi tí wọ́n páàkì mọ́tò sí ló wà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yan ẹran, tí wọ́n ń mu bíà, tí ẹbí tí ò ríra láti ọdún tó kọjá ti ń dì mọ́ra. Tí bọ́ọ̀lù bá jẹ́ ti alẹ́, wọ́n á ṣe fàájì látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Tó bá wá jẹ́ aago mọ́kànlá, ta ló fẹ́ máa yan ẹran ní aago méje?

Tẹlifíṣàn ló fà á. Láti 2019 ni ilé iṣẹ́ Fox ti ń kó bọ́ọ̀lù tó dáa jù lọ́wọ́ wọn sí aago méjìlá ọ̀sán ìlà oòrùn Amẹ́ríkà, torí pé ọ̀sán àti alẹ́ làwọn yòókù ń kó tiwọn sí. Aago méjìlá yẹn, mọ́kànlá ni ní Oklahoma, mẹ́wàá ni ní Colorado. Ní 2021, Oklahoma fẹ́ gbá Nebraska. Ó pé àádọ́ta ọdún gééré tí àwọn méjèèjì gbá ìdíje ńlá kan ní 1971 tí wọ́n ṣì ń sọ títí dòní. Ọjọ́ ńlá, aago mọ́kànlá àárọ̀ náà ni wọ́n tún fún wọn. Ọ̀gá eré ìdárayá yunifásítì náà fúnra rẹ̀ jáde sọ ọ́ ní gbangba pé ó dun òun. Kò yí nǹkan kan padà. Ẹni tó sanwó ló ni aago.

(Ẹ jẹ́ ká ya díẹ̀. Bọ́ọ̀lù yunifásítì yìí ò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí wa. Pápá tí Kanu àtàwọn yòókù ti lu Brazil 4-3 ní 1996, tí wọ́n tún ti lu Argentina 3-2 gba wúrà, pápá yunifásítì Georgia ni. Wọ́n ní ewéko kan tó yí i ká bí ọgbà, wọ́n hú u kí bọ́ọ̀lù tiwa lè ráyè, wọ́n tún un gbìn lẹ́yìn náà.)

Bí ọmọ yẹn ṣe ń ráhùn, 2002 ló ń sọ sí wa lọ́kàn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Jos nígbà yẹn, ẹ mọ̀ ọ́n. Oṣù kẹsàn-án 2001 ni ìjà ṣẹlẹ̀. Oṣù kejì 2002, ọjà ńlá Terminus jóná. Àwa tá à ń ta abọ́ àti ìkòkò, etí títì la bọ́ sí. Àmọ́ ọjà kọ́ ló dùn wá jù. Àwa ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, inú ilé kan náà lẹ ti máa rí Mùsùlùmí àti Onígbàgbọ́. Ẹ̀gbọ́n wa, ọmọ ìyá wa gan-an, ń gbé Gangare. Àwa wà ní Apata. Ṣáájú ìjà, kò sí alẹ́ Sátidé tí kò wá jókòó sí iwájú tẹlifíṣàn wa. Lẹ́yìn ìjà, oṣù mẹ́sàn-án, kò tẹ ẹnu ọ̀nà wa. Àwa náà ò lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Kì í ṣe pé a jà o. Ilẹ̀ tó bá ti ń ṣú ni kálukú ń wọlé, àdúgbò sì ti pín. Ìdúró ni a máa ń kí ara wa, lẹ́bàá ọjà tó jóná, bí ẹni tó jẹ ara wọn ní gbèsè.

Ìgbà tí bọ́ọ̀lù àgbáyé wá dé láti Japan àti Korea, aago wọn fi wákàtí mẹ́jọ ṣáájú tiwa. Ti Argentina, aago mẹ́fà àbọ̀ àárọ̀ Sunday. A wo ìyẹn láwa nìkan, Batistuta fi orí kan án wọlé, a pẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì. Ti Sweden, aago méje àbọ̀ àárọ̀ Friday. Ẹ̀gbọ́n wa gbọ́ aago yẹn, ó ní, "Àárọ̀? Mo ń bọ̀."

Ó dé lóòótọ́. Ìyá àwọn ọmọ ń dín àkàrà lọ́wọ́, ó rí i, kó tó kí i ńṣe ló gbé síbí ìdínkàrà sílẹ̀ tó kúnlẹ̀, àkàrà jóná. Aghahowa gbá a wọlé, ó ń ta òkìtì, ẹ̀gbọ́n wa náà dìde bí ẹni pé òun náà fẹ́ ta. Larsson wá gbá méjì padà, wọ́n lé wa kúrò nínú ìdíje. Inú wa bàjẹ́, a ò lè parọ́. Síbẹ̀ ẹ̀gbọ́n jẹun, ó ṣeré pẹ̀lú àwọn ọmọ, ó dìde ní aago mẹ́wàá kọjá kó lè bá Jímọ̀ ní Gangare. Oòrùn ti yọ, ọ̀nà kún fún èèyàn, ọkàn wa balẹ̀.

Ti England ní Wednesday, kò já mọ́ nǹkan kan fún wa mọ́. Òmì ni, kò sẹ́ni tó gbá a wọlé. Ẹ̀gbọ́n tún wá, ó sì mú aládùúgbò rẹ̀ méjì dání. Ọmọ Ígbò tó ń ta táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa dìde fún wọn lága. A ò rántí bọ́ọ̀lù yẹn rárá, àga yẹn la rántí.

A ò ní sọ pé kò ná wa lówó. Oníbàárà kan wá láti Bukuru láàárọ̀ yẹn, kò bá wa níbi ọjà, ọ̀dọ̀ ẹlòmíì ló ti ra ìkòkò méjìlá. Àwọn ọmọ náà pẹ́ dé ilé ìwé.

Ìdí nìyẹn tá a fi ń bá ọmọ Oklahoma jiyàn. Ó ní alẹ́ ló dùn. Ó ṣeé ṣe kó dùn. Ṣùgbọ́n ní 2014, alẹ́ ni wọ́n gbé bọ́ǹbù lọ bá àwọn tó ń wo àṣekágbá Champions League ní Jos níbí, oṣù karùn-ún, ọjọ́ mẹ́rin péré lẹ́yìn bọ́ǹbù Terminus. Oṣù tó tẹ̀ lé e, Nigeria gbá Bosnia ní aago mọ́kànlá òru wa. Inú yàrá la ti wò ó, a ti ilẹ̀kùn, a yí ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Odemwingie gbá a wọlé, a ò lè pariwo.

A bi ọmọ náà pé àwọn àgbàlagbà ibẹ̀ ńkọ́, àwọn tó ní ọmọ wẹ́wẹ́? Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Àwọn yẹn fẹ́ ti àárọ̀, Dádì. Wọ́n ní àwọn ń délé kílẹ̀ tó ṣú." A ní ṣé o wá rí i. Ó ní àmọ́ àwọn yẹn ò pọ̀ tó àwọn tó ń yan ẹran.

Ẹ̀gbọ́n wa ti padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ láti 2010. Tí bọ́ọ̀lù Nigeria bá ti ń bọ̀, ó ṣì máa ń pè wá. Kì í bi wá pé ta la fẹ́ gbá. "Aago mélòó ni?" ló máa ń kọ́kọ́ bèèrè.