N b'i fɛ: Ẹ̀kọ́ tí a rí nínú àwo orin tọkọtaya kan

Ọ̀rọ̀ ìró àti gbólóhùn la sábà máa ń kọ sí ojú ewé Yorùbá yìí. Lọ́tẹ̀ yìí, orin la gbé wá. Ẹ má ṣe rò pé a fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀ lọ ṣe fàájì. Inú orin náà gan-an ni ẹ̀kọ́ wà. Àwo orin tí a ń wí ni Dimanche à Bamako, èyí tí Amadou Bagayoko àti Mariam Doumbia, tọkọtaya ará Màlí, gbé jáde ní ọdún 2004.

Kí a kọ́kọ́ sọ ẹni tí wọ́n jẹ́. Bamako ni wọ́n bí àwọn méjèèjì sí, Amadou ní 1954, Mariam ní 1958. Ojú Mariam fọ́ láti kékeré. Ti Amadou fọ́ nígbà tó ń bàlágà. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀dọ́ afọ́jú ní Bamako ni wọ́n ti pàdé, wọ́n sì fẹ́ ara wọn ní 1980. Kí wọ́n tó fẹ́ra, Amadou ti ń ta gìtá nínú ẹgbẹ́ Les Ambassadeurs, níbi tí Salif Keita ti ń kọrin. Ohùn Mariam sì ti dùn tipẹ́. Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ akèrègbè: gìtá wá ohùn lọ, ohùn wá gìtá wá. Wọ́n ṣí lọ sí Abidjan, wọ́n ṣe kásẹ́ẹ̀tì níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọjá sí Paris. Nígbà tó di 2004, Manu Chao, olórin tí wọ́n bí sí Paris, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ará Sípéènì, bá wọn ṣe àwo tí à ń sọ yìí. Ó lókìkí gan-an ní ilẹ̀ Faransé, ó sì gba ẹ̀bùn Victoires de la musique ní 2005.

Ṣé orin rock ni? Gìtá oníná ló gbé e ró. Amadou fẹ́ràn Pink Floyd àti Led Zeppelin, kò sì fi pamọ́. Ní ọdún 2009, David Gilmour tó ń ta gìtá fún Pink Floyd wá bá wọn ṣeré ní Lọ́ńdọ̀nù. Síbẹ̀, abẹ́ orúkọ "orin àgbáyé" ni àwọn tó ń ta àwo ní Yúróòpù máa ń kó wọn sí. Bí òyìnbó bá ta gìtá oníná, rock ni. Bí ará Bamako bá ta á, orúkọ míì ni. Àwa tí à ń kọ́ ìmọ̀ èdè mọ̀ pé ẹni tó ń sọni lórúkọ ló ń yan àyè fúnni. Ní tiwa, rock la pè é.

Ẹ jẹ́ kí a wá bọ́ sí ibi tí ọ̀rọ̀ kàn wá. Orin tó ṣíwájú nínú àwo náà ni M'Bifé. Ẹni tí kò gbọ́ Bambara á rò pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin ni: n bɛ i fɛ. N ni "mo", bɛ ni "wà", i ni "ìwọ", fɛ sì ń tọ́ka sí "ọ̀dọ̀". Bí a bá tú u ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, "mo wà lọ́dọ̀ rẹ" ni. Ohun tí wọ́n sì ń fi sọ ni "mo fẹ́ràn rẹ". Ẹ wo ìró wọn: n di m nítorí b tó tẹ̀ lé e. Àwa náà ń ṣe é; "ó ń bọ̀" là ń kọ, ṣùgbọ́n m ni ẹnu wa ń pè níwájú b yẹn. Fáwẹ̀lì bɛ sì jẹ níwájú i, bí "ra ẹja" ṣe ń di "rẹja". Àrànmọ́ àti ìpajẹ tí wọ́n fi ń dán wa wò ní kíláàsì ló kóra jọ sínú orúkọ orin kan.

Ọ̀rọ̀ kò tán síbẹ̀. Bí ọmọ Bambara bá fẹ́ ní òun ní owó, wari bɛ n fɛ ló máa wí: owó wà lọ́dọ̀ mi. Bí a bá wá fi n b'i fɛ wé e, a ó rí i pé olólùfẹ́ ló bọ́ sí àyè tí owó wà, ẹni tó fẹ́ràn sì bọ́ sí àyè ẹni tó ni ín. Ní Yorùbá, "nífẹ̀ẹ́" la ń wí, ní àti ìfẹ́. Nínú gbólóhùn tiwa, olólùfẹ́ ló ni nǹkan. Nínú gbólóhùn tiwọn, òun ló wà lọ́wọ́ ẹlòmíì. A kò sọ pé ọmọ Bambara ń ro èyí nígbà gbogbo tó bá ń sọ ọ́, àwa náà kì í ro "ìní" nígbà tí a bá ní "mo nífẹ̀ẹ́ rẹ". Ṣùgbọ́n ó wà nínú èdè, ó ń dúró de ẹni tó máa gbọ́ ọ.

Ọ̀pọ̀ akẹgbẹ́ wa ti bi wá pé, "Ṣé fɛ tiwọn àti fẹ́ tiwa kì í ṣe ọ̀kan náà?" Rárá o. Tiwọn ń tọ́ka sí ọ̀dọ̀ ẹni, tiwa jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe. Bambara wà nínú ẹbí Mande, bíi ti Boko tí wọ́n ń sọ ní àríwá Bẹ̀nẹ̀ níhìn-ín, Yorùbá kò sì sí níbẹ̀. Wọ́n kàn ṣe kòńgẹ́ ni. Ìjọra tó ní ìdí wà níbòmíràn. Wọ́n ní àwo kan tó ń jẹ́ Wati, ìyẹn "àkókò": láti inú èdè Lárúbáwá ló ti wá, bíi wákàtí tiwa. Wọ́n ní orin kan tó ń jẹ́ Sabali, tó jáde ní 2008, ìyẹn "sùúrù": inú Lárúbáwá kan náà ni sabali àti sùúrù ti ṣẹ̀. Ohun tó jọra lójú kì í ṣe ìbátan. Ohun tí kò jọra sì lè jẹ́ ìbátan.

Ẹ tún wo àkọtọ́ wọn. Orin kan nínú àwo náà ń jẹ́ Politic Amagni. Ọ̀rọ̀ àyálò ló ṣíwájú. A man ɲi ló tẹ̀ lé e, "kò dára", tí wọ́n so pọ̀ ṣọ̀kan, tí wọ́n sì fi gn Faransé kọ ọ́. Àwa mọ àìsàn yìí. Bí wọ́n ṣe kọ Kétu ní Kétou nìyẹn, tí Ṣábẹ̀ẹ́ di Savè, tí Adéṣínà di Adéchina lórí ìwé ìbí. Létí, orin náà kò ní àbùkù. Ojú ìwé ni ó ti wọ ẹ̀wù Faransé.

Ní báyìí, ohun tó gbé wa dé ibi yìí gan-an. Bí olórin kan bá ní "mo" àti "ìwọ" nínú orin ìfẹ́, a kì í mọ ẹni tí "ìwọ" jẹ́. Nínú àwo tọkọtaya, a mọ̀ ọ́n. Bí Amadou bá ní n, Mariam ni i. Bí Mariam bá gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni, àwọn ènìyàn inú rẹ̀ ló pààrọ̀ àyè. I yìí ni Bambara sì ń lò fún ẹnì kan, ìbáà ṣe àgbà, ìbáà ṣe ọmọdé.

Ẹ jẹ́ kí a gbé e wá sílé. Nínú ilé tí a ti tọ́ púpọ̀ nínú wa dàgbà, ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́, ní Àjàṣẹ́, ìyàwó kì í pe ọkọ lórúkọ. "Bàbá Fẹ́mi" ni, tàbí kó kàn ní "Ẹ gbọ́ ná". Bí irú obìnrin bẹ́ẹ̀ bá fẹ́ kọrin ìfẹ́ sí ọkọ rẹ̀ lójú agbo, ṣé "mo fẹ́ràn rẹ" ni yóò wí, àbí "mo fẹ́ràn yín"? Ti àkọ́kọ́ lè dà bí àrífín. Ìkejì lè dà bí ẹni ń kí àgbà ìjọ. Àwọn kan nínú wa ti fi èyí ṣe ẹ̀rí pé Yorùbá kì í ṣe èdè ìfẹ́, pé Faransé nìkan ló mọ ọ́n sọ.

A kò gbà. Ẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀ kò tẹ́tí sí ilé. Ọkọ kì í ní "mo fẹ́ràn rẹ", oríkì ló fi ń pe ìyàwó rẹ̀: Àjọkẹ́, Àbẹ̀kẹ́, Àníkẹ́. Ẹ tú wọn, kẹ́ ni ẹ ó bá nídìí gbogbo wọn. Ìyàwó náà á dáhùn, á ní "olówó orí mi", tàbí kó ki oríkì ìdílé ọkọ títí orí rẹ̀ á fi wú. Inú orúkọ ni Yorùbá ń fi ìfẹ́ pamọ́ sí. Kì í ṣe èdè ló ṣàìní. Àwa la ò kọ́ ọ.

Ta ló sì máa kọ́ ọ? Ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan tí àwọn kan nínú wa lọ, wọ́n ní "sínyàálì", ohun tí wọ́n ń so mọ́ ọmọ tó bá sọ èdè ilé lọ́rùn, títí yóò fi mú ẹlòmíì tó ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí wọ́n so ó mọ́ lọ́rùn nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu ìyá rẹ̀, kí ni yóò fi bá ọmọge sọ̀rọ̀ tó bá dàgbà? Faransé ni. Ọ̀pọ̀ wa ti fi Yorùbá tajà, a ti fi jà, a ti fi gbàdúrà. A kò tíì fi wí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ rí àfi kí a fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Àmọ́ kí a má tan ara wa jẹ. Orin tó kọ́kọ́ mú kí wọ́n mọ Amadou àti Mariam ní ilẹ̀ Faransé ni Je pense à toi, ní 1998, Faransé sì ni orúkọ rẹ̀. Faransé náà ni orúkọ àwo 2004. Faransé ló ṣí ilẹ̀kùn fún wọn. Ohun tó yà wá lẹ́nu ni pé nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí tán, wọn kò fi Bambara sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Gbólóhùn tí wọ́n lè sọ nínú yàrá ni wọ́n gbé síwájú ogunlọ́gọ̀ ènìyàn, pẹ̀lú gìtá oníná, àwọn tí kò gbọ́ ọ sì ń bá wọn kọ ọ́. A kò ní ká sọ Faransé nù. Òun la fi ń ṣe ìdánwò. Ohun tí à ń wí ni pé kò yẹ kó máa dá gbé ilé.

Amadou kú ní Bamako ní ọjọ́ 4 oṣù kẹrin ọdún 2025, ní ẹni ọdún 70. Àwo náà ṣì wà. Bí Mariam bá tún ní n b'i fɛ lónìí, gírámà kò yí padà, "mo wà lọ́dọ̀ rẹ" náà ni. Ẹ̀yin akẹgbẹ́ wa, ẹ ò rí i pé gbólóhùn náà wúwo ju ti àtẹ̀yìnwá lọ?

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ kan la ní. Bí ẹ bá lọ sílé fún ìsinmi, ẹ mú ìwé àti bíírò dání. Ẹ bi àwọn ìyá wa àgbà pé kí ni wọ́n ń pe ọkọ wọn nígbà tí kò sí ẹni tó ń gbọ́, kí ni ọkọ ń pe àwọn náà. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á lé yín jáde lẹ́ẹ̀kan. Ẹ padà wọlé. Ẹ kọ ọ́ bí wọ́n ṣe wí i, pẹ̀lú àmì ohùn, pẹ̀lú orúkọ ìlú. Ẹ fi ránṣẹ́ sí wa. Ojú ewé yìí kò ní kéré jù fún un.