Èéfín Ọkọ̀ àti Owó Iṣu

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, òwe yìí kò yé mi dáadáa títí di ìgbà ìsinmi tí ó kọjá.

Ìyá mi ń kó iṣu láti Ṣakí lọ sí ọjà Mile 12 ní Èkó. Owó iṣu yìí ni wọ́n fi ń rán mi ní ilé-ìwé. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni ohun gbogbo ti gbówó lórí, títí kan owó ọkọ̀. Nítorí náà, ọkọ̀ ògbólógbòó ni wọ́n máa ń háyà, èyí tí èéfín rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Àbúrò mi tí ó ń bá wọn lọ kì í yé wúkọ́ bí ó bá dé.

Mo ti kà á pé líta dísù kan tí ó bá jó a máa tú gáàsì kábọ́ǹ tí ó tó nǹkan bí kílò 2.6 sínú afẹ́fẹ́. Mo wí fún wọn pé: “Ìyá mi, ẹ jẹ́ kí a gbé iṣu dé Móníyà n'Íbàdàn, kí a fi rélùwéè gbé e dé Èkó. Láti ọdún 2021 ni ọ̀nà tuntun yẹn ti ń ṣiṣẹ́. Rélùwéè a máa fi epo díẹ̀ gbé ẹrù púpọ̀.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. “Ọmọ mi, rélùwéè kò dé Ṣakí, kò sì dé Mile 12. Bí wọ́n tilẹ̀ gbà láti kó iṣu, a ó san owó alábàárù ní Móníyà, a ó tún san án l'Ékòó, a ó sì tún háyà ọkọ̀ mìíràn. Iṣu tí a gbé sọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta ti bó lára. Ta ni yóò rà á?”

Ẹnu mi wọhò. Ìṣirò tí mo ṣe kò ka alábàárù mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n n kò jáwọ́. A jọ jókòó, a tún un ṣírò. Ìyá mi àti oníṣu kan ní àdúgbò wa, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń háyà ọkọ̀, ọkọ̀ méjèèjì kì í sì í kún. Wọ́n wá pa iṣu wọn pọ̀ sínú ọkọ̀ kan tí ó sàn díẹ̀. Owó tí olúkúlùkù san dín kù, ọkọ̀ kan ṣoṣo ni ó sì jó epo.

N kò sọ pé ohun gbogbo ti dára. Wọ́n ní láti máa dúró de ara wọn, iṣu díẹ̀ sì jẹrà nígbà kan. Ṣùgbọ́n mo ti kọ́gbọ́n: ẹni tí ó bá fẹ́ sọ fún ẹlẹ́rù pé èéfín kò dára, kí ó kọ́kọ́ béèrè iye tí ẹlẹ́rù ń san. Owó ń pa wá lẹ́kún lóòótọ́. Ẹ jẹ́ kí a ṣì máa ríran.