Ìròyìn Kò Tó Àfojúbà

Ní Sátidé kan lóṣù Kẹta, èmi àti màmá mi kúrò ní Alajo, a lọ wo àfihàn fọ́tò Accra àtijọ́ ní ilé iṣẹ́ ọnà ńlá kan láàárín ìlú. N kò ní dárúkọ ilé náà, nítorí pé ohun tí ojú wa rí níbẹ̀ lè ṣẹlẹ̀ ní ilé mìíràn lọ́jọ́ kejì. Iṣẹ́ ló ń gbé mi lọ. Ìwé ìròyìn kan ti ní kí n kọ nǹkan nípa àfihàn náà, wọ́n á sì sanwó fún mi. Ní ti màmá mi, ọmọ ọdún 65 ni wọ́n, wọn kò sì wọ irú ilé bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n gbọ́ pé fọ́tò Lagos Town wà níbẹ̀, ni wọ́n bá ní àwọn náà ń bọ̀.

Lagos Town ni orúkọ tí Accra New Town ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, nígbà tí àwọn Yorùbá pọ̀ níbẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n bí màmá mi sí. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni màmá mi nígbà tí wọ́n gbé wọn sínú lọ́rì lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ìgbà tí wọ́n lọ́kọ ni wọ́n tó padà wá. Fọ́tò kan ṣoṣo nípa ilé bàbá wọn kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú ẹbí wa.

Kẹ̀kẹ́ arọ ni mò ń lò. Àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ló mú mi nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún méjì. Trotro kì í sábà gbé mi. Méètì á wo kẹ̀kẹ́ mi, á ṣírò iye ìjókòó tó máa gbà, á sì lu ara ọkọ̀ kí dẹ́rẹ́bà máa lọ. Takisí la wọ̀ lọ́jọ́ náà, lẹ́yìn tí màmá mi ti rọra tì mí kọjá lórí pátákó tí wọ́n gbé sórí gọ́tà ẹnu ọ̀nà wa.

Inú mi kọ́kọ́ dùn nígbà tí a débẹ̀. Wọ́n ti fi sìmẹ́ǹtì ṣe ọ̀nà tó dagẹ̀rẹ̀ sí ẹnu ilẹ̀kùn, wọ́n sì ya àmì kẹ̀kẹ́ arọ sí i lára. Mo wọlé fúnra mi. Àmọ́ òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni àfihàn náà wà. Lífíìtì wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ṣiṣẹ́. Àga rọ́bà ni wọ́n kó jọ gègèrè síwájú rẹ̀. Ó hàn pé ó ti pẹ́ tó ti wà bẹ́ẹ̀.

Ọmọkùnrin tó ń ṣọ́ ibẹ̀ lójú àánú. Ó sọ fún mi ní Twi pé, “Sista, ẹ má ṣèyọnu. Àwa mẹ́rin á gbé yín gòkè, kíá ni.”

Mo ní rárá, mo dúpẹ́.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ni kì í yé tí mo bá sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n á ní mo gbéra ga. Wọ́n ti gbé mi rí, ẹ̀yin èèyàn mi. Ní ibi ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ mi kan, ẹsẹ̀ ẹnì kan yọ̀ lórí àtẹ̀gùn, èmi àti kẹ̀kẹ́ jọ ṣubú, egungun ọrùn ọwọ́ mi sì fọ́. Bí wọn kò bá tilẹ̀ jù mí sílẹ̀, ọwọ́ àjèjì á dé ibi tí kò yẹ kó dé. Àwọn tó wà nítòsí á dúró máa wòran. Àwọn tó gbé mi á sì máa retí pé kí n rẹ́rìn-ín, kí n kí wọn kú iṣẹ́. Mo lọ wo iṣẹ́ ọnà, èmi ni wọ́n á wá máa wò.

Màmá mi ní, “Àbẹ̀kẹ́, jẹ́ kí wọ́n gbé ọ. Ṣé èmi náà ò pọ̀n ọ́ títí o fi pé ọmọ ọdún mẹ́wàá?”

Mo ní, “Màmá, ẹ̀yìn yín nìyẹn.”

Wọn kò sọ nǹkan mìíràn. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n lọ wò ó, kí owó takisí wa má baà ṣòfò. Wọ́n di irin àtẹ̀gùn mú, wọ́n ń gòkè díẹ̀díẹ̀, nítorí orúnkún ń dùn wọ́n. Ó tó ogójì ìṣẹ́jú tí mo fi jókòó ti àwọn àga rọ́bà yẹn.

Nígbà tí wọ́n sọ̀kalẹ̀, wọ́n ní àwọn rí fọ́tò ọkùnrin kan tó dúró ti ẹ̀rọ ìránṣọ níwájú ṣọ́ọ̀bù, àti pé ìdúró rẹ̀ jọ ti bàbá àwọn. Télọ̀ ni bàbá wọn. Àyà mi là gààrà. Mo ní, kí ni wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀? Wọn kò mọ̀. Màmá mi kò kàwé. Mo ní, ṣé ọdún wà níbẹ̀? Wọ́n ní nọ́ńbà kan wà níbẹ̀, àmọ́ àwọn kò wọ dígí wá. Wọn kì í sì í jẹ́ kí ènìyàn ya fọ́tò níbẹ̀.

A dákẹ́ fúngbà díẹ̀. Ni wọ́n wá ní, “Ìwọ ni ò bá kà á fún mi.”

Àwọn àgbà ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Lọ́jọ́ yẹn, àwa méjèèjì la pàdánù. Màmá mi ní ìmọ̀ tí kò sí nínú ìwé kankan nípa àdúgbò náà, èmi sì ní ìwé tí ó lè fi orúkọ sí ohun tí wọ́n rí. Àtẹ̀gùn ni kò jẹ́ kí ìmọ̀ méjèèjì pàdé.

Kì í ṣe pé òfin kò sí. Òfin Àwọn Aláàbọ̀ Ara tí Gánà ṣe ní 2006, tí wọ́n ń pè ní Act 715, sọ pé kí gbogbo ibi tí ará ìlú ń wọ̀ ṣeé wọ̀ fún wa, kó sì ṣeé lò. Ó fún àwọn ilé tó ti wà nílẹ̀ ní ọdún mẹ́wàá láti ṣàtúnṣe. Ọdún mẹ́wàá yẹn pé ní 2016. Nàìjíríà fọwọ́ sí tirẹ̀ ní oṣù Kìíní 2019, ó fún wọn ní ọdún márùn-ún. Ìyẹn náà ti pé ní 2024. Mo rántí ọdún 1969. Nígbà tí ìjọba fẹ́ kí àwọn èèyàn wa jáde, ọ̀sẹ̀ méjì péré tó. Ká tó lè wọlé ni ọdún mẹ́wàá kò tó.

Mo kọ lẹ́tà sí ilé náà. Wọ́n fèsì pé àwọn ń wá owó tí àwọn máa fi tún lífíìtì ṣe, àti pé ilé àtijọ́ ni. Èmi náà mọ ilé àtijọ́ kan. Ní 2023, mo lọ kàwé gboyè másítà ní London. Ilé iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná ni Tate Modern tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó ṣí i fún iṣẹ́ ọnà ní 2000. Ẹni tó bá gba ẹnu ọ̀nà ìwọ̀-oòrùn wọ gbọ̀ngàn ńlá rẹ̀, ilẹ̀ fífẹ̀ kan tó dagẹ̀rẹ̀ ló máa gbà sọ̀kalẹ̀. Ọmọdé ń sáré níbẹ̀, arúgbó ń rọra rìn, èmi náà ń di táyà mi mú kó má baà yára jù. Ọ̀nà kan náà ni gbogbo wa gbà. Iṣẹ́ El Anatsui, ọmọ Anyako ní Gánà, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ni ní Nsukka, ni wọ́n gbé kọ́ síbẹ̀ nígbà náà: ìdérí ìgò tí wọ́n so pọ̀ títí ó fi fẹ̀ bí ìgbòkun ọkọ̀ ojú omi. Mo wo iwájú rẹ̀, mo wo ẹ̀yìn rẹ̀. Mo rí iṣẹ́ ọmọ Gánà ní ìlú òyìnbó, àmọ́ n kò lè rí àdúgbò tí wọ́n bí ìyá mi sí, nínú ìlú tí mò ń gbé.

Mo dá iṣẹ́ ìwé ìròyìn náà padà, owó rẹ̀ sì lọ. N kò lè kọ̀wé nípa ohun tí n kò rí. Ohun tí mo rí ni mo kọ yìí.

Kì í ṣe gbogbo nǹkan ló nílò owó ńlá. Wọn ì bá ti gbé fọ́tò mẹ́wàá wá sí ìsàlẹ̀. Wọn ì bá ti kọ ọ́ sí ẹnu ọ̀nà pé lífíìtì kò ṣiṣẹ́, kí n má baà sanwó takisí. Kí wọ́n tó pinnu ibi tí àfihàn máa wà, wọn ì bá ti bi ara wọn léèrè pé ta ló ń bọ̀.

Lánàá, màmá mi tún béèrè bóyá wọ́n ti tún lífíìtì náà ṣe. Mo ní wọn ò tíì ṣe é. Wọ́n ti lọ gba dígí tuntun. Wọ́n ní lọ́jọ́ tí wọ́n bá tún un ṣe, a ó jọ lọ: èmi á ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀, àwọn á sì sọ fún mi bóyá bàbá àwọn ni.