Ìdá Karùn-ún Ẹran ní Testaccio

Ẹni tí ó bá dé ìlú Róòmù, tí ó jẹ́ pé gbàgede ṣọ́ọ̀ṣì Pétérù Mímọ́ àti ògiri Colosseum nìkan ni ó fojú rí, ó ti rí ìlú náà ní ìta, kò tíì rí i nínú ìkòkò. Nítorí náà ni mo ṣe bẹ àbúrò mi kan, ọmọ Ìjẹ̀bú tí ó ti pẹ́ lẹ́nu ẹ̀kọ́ níbẹ̀, pé kí ó mú mi lọ síbi tí àwọn onílé gan-an ti ń jẹun, kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń dúró sẹ́nu ọ̀nà pe àlejò.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ fara balẹ̀ di Sátidé,” ni ó wí. “Ọjọ́bọ̀ ni ti gnocchi, ọjọ́ Ẹtì ni ti ẹja, Sátidé ni ti ṣàkì.”

Olókè méje ni wọ́n ń ki Róòmù, ṣùgbọ́n nígbà tí a sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ní ibùdó Piramide, tí a kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibojì ṣóńṣó-orí tí wọ́n kọ́ fún ọlọ́lá kan, Caius Cestius, ṣáájú ìbí Jésù, òkè kẹjọ ni àbúrò mi nàka sí, èyí tí ó jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn. Ní ayé ìgbàanì, inú ìkòkò amọ̀ ńláńlá ni wọ́n ń ru òróró ólífì sí wá láti Sípéènì àti Àríwá Áfíríkà. Ìkòkò tí òróró bá sì ti mu, tí kò ṣe é lò mọ́, wọn a fọ́ ọ, wọn a kó àpáàdì rẹ̀ jọ síbẹ̀, àpáàdì lórí àpáàdì, ìran dé ìran, títí ó fi di òkè tí gíga rẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 35, tí koríko sì hù lé e lórí. Àwọn ọlọ́tí gbẹ́ ihò sí ìdí rẹ̀, nítorí afẹ́fẹ́ tí ń gba àárín àpáàdì kọjá a máa mú inú ibẹ̀ tutù fún wáìnì wọn. Inú irú ihò bẹ́ẹ̀ ni ilé oúnjẹ wa wà.

Nítòsí ibẹ̀ ni odò ẹran àtijọ́ wà, èyí tí wọ́n kọ́ ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí wọ́n sì tì pa ní 1975. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ oúnjẹ àdúgbò Testaccio yìí ti ṣẹ̀. Ọ̀nà mẹ́rin ni wọ́n ń pín màlúù sí, àwọn ọlọ́lá, àwọn àlùfáà àti àwọn ọlọ́rọ̀ a sì mú èyí tí ó dára. Orí, ìrù, ṣàkì, fùkù, ẹ̀dọ̀ àti ìfun tí ó ṣẹ́ kù, tí ẹnikẹ́ni kò kà kún ìpín, ni wọ́n ń pè ní ìdá karùn-ún, òun ni wọ́n sì ń fi kún owó iṣẹ́ àwọn alápatà. Èmi kò mọ ìṣirò tí ó lè bí ìdá karùn-ún láti inú ohun tí a dá sí mẹ́rin, àfi ìṣirò ebi.

Ilé náà há tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí ẹni tí ó wà lẹ́yìn mi bá rẹ́rìn-ín, àga mi a mì. Ìyá àgbà kan ni ó wà nídìí iná, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tí òun náà ti ń hewú, ni ó ń gbé oúnjẹ. Pásítà ni ó kọ́kọ́ dé, òun nìkan, rigatoni pẹ̀lú ìfun ọmọ màlúù tí kò tíì jẹ koríko, tí wàrà ìyá rẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀. Nígbà tí àrùn wèrè màlúù dá jìnnìjìnnì bo Yúróòpù, òfin de ìfun yìí láti 2001 di 2015, wọ́n sì ń fi ti ọmọ àgùntàn tan ara wọn jẹ. Ọbẹ̀ rẹ̀ dùn, èmi kò ní í purọ́, ṣùgbọ́n pásítà náà le láàárín; lójú ìyá tí ó tọ́ mi, kò tíì jiná. Báyìí ni à ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn.

Kò sí ẹni tí ó kán wa lójú. Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi, àwọn ènìyàn yìí kì í sì í gbé ìwé owó wá síwájú àlejò tí kò tíì béèrè rẹ̀.

Nígbà náà ni ó dé, ṣàkì a-bara-bí-aṣọ-ìnura, ẹran tí í bá eyín wọ ìjàkadì kí ó tó gbà fún ọ̀fun. Ṣùgbọ́n ti Róòmù yìí kò jà rárá. Wọ́n ti sè é pẹ́, wọ́n gé e tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n rì í sínú ọbẹ̀ tòmátò, wọ́n sì fi ewé míńtì àti wàrà àgùntàn gbígbẹ tí wọ́n rin bò ó lójú. Ohun tí mo wá lọ sí Sókótó náà rèé, tí ó ti wà nínú ṣòkòtò mi láti ọjọ́ tí mo ti ń ra ẹran ní Bódìjà. Síbẹ̀, míńtì náà ṣe ohun tí efinrin kì í ṣe, ó gba ọ̀rá lẹ́nu mi, ó sì fi adùn ẹran sílẹ̀.

Ìyá àgbà jáde wá, ó fi apá nu iwájú orí.

“Ẹ̀gbọ́n, Màmá ní báwo ni ẹ ṣe ń sè é nílé?”

Mo ka ata rodo, tàtàṣé, àlùbọ́sà, irú àti epo pupa fún un. Ó béèrè bí ata rodo náà yóò ti pọ̀ tó. Mo di ẹ̀kúnwọ́ fi hàn án. Ó ní ta ni yóò wá mọ̀ pé ẹran wà níbẹ̀. Síbẹ̀, ó rán ọmọ rẹ̀ wọlé, ìyẹn sì gbé ata gbígbẹ lílọ̀ díẹ̀ wá nínú àwo pẹlẹbẹ. Mo da gbogbo rẹ̀ sórí ìyókù ọbẹ̀ mi. Ìyá dúró tì mí títí mo fi fi búrẹ́dì nu àwo mọ́ tónítóní, ó sì bu omi fún mi láìjẹ́ pé mo béèrè.

Mo ní kí àbúrò mi bá mi sọ fún un pé ata náà kò ta.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́,” ni ó wí, “èmi kò lè sọ ìyẹn fún Màmá.”