Ọyẹ́, Súwẹ́tà àti Àrùn Yírùnyírùn ní Kinkinau

Ọdún tún yí po, orí kó wa yọ, ìwé ìrántí wa sì tún jáde. Akọ̀wé ẹgbẹ́ ní kí n kọ nǹkan sí i, pé ohunkóhun tó bá wù mí ni. Mo ní kò burú. Òwò mi ni mo mọ̀, òwò náà ni n ó sì fi sọ ọ̀rọ̀ kan tó ti wà lọ́kàn mi láti ọjọ́ pípẹ́.

Òkirìkà ni mò ń tà ní Kasuwan Barci ní Tudun Wada, èyí tí àwọn Háúsá ń pè ní gwanjo. Láti ọdún 1989 tí ọkọ mi ti mú mi wá sí Kàdúná láti Ògbómọ̀ṣọ́, n kò ta nǹkan mìíràn. Ẹni tó bá ń ta aṣọ òtútù kò nílò kí rédíò sọ bí ojú ọjọ́ ṣe rí fún un. Bí oṣù Nòfẹ́ńbà bá ti ń parí lọ, tí atẹ́gùn àríwá bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, tí ètè ń là, súwẹ́tà á di ọjà gidi. Dìsẹ́ńbà àti Jánúárì ni mo máa ń rí owó. Tó bá fi máa di ìparí Fẹ́búárì, oòrùn á ti padà dé. Oníbàárà á fọwọ́ kan súwẹ́tà, á rẹ́rìn-ín, á kọjá lọ ra omi tútù.

Ohun tó ń yà mí lẹ́nu nìyí. Gbogbo wa la gbà pé òtútù ló ń fa àìsàn nílẹ̀ Háúsá. Ọmọ wúkọ́, ọyẹ́ ni. Orí fọ́ àgbà, ọyẹ́ náà ni. Ṣùgbọ́n àrùn tó burú jù lọ ní ìhà ibí, èyí tí àwọn Háúsá ń pè ní sankarau, tí àwa ń pè ní yírùnyírùn nítorí bí ó ṣe ń mú ọrùn le gan-an, kì í bá ọjà mi rìn. Ìgbà tí súwẹ́tà ń tà jù kọ́ ló ń pa èèyàn jù. Ìgbà tí mo bá ti di súwẹ́tà padà sínú àpò, tí mo ń ta ṣẹ́ẹ̀tì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, láti òpin Fẹ́búárì wọ Épírì, ìgbà yẹn gan-an ló máa ń jà. Bí òjò bá sì ti rọ̀ dáadáa lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, á rọlẹ̀ bí ẹni pé wọ́n pè é nílé.

Mo ti da ìbéèrè yìí bo àwọn nọ́ọ̀sì àti dókítà tó ń ra ọjà lọ́wọ́ mi, mo sì ti ka ìwọ̀nba tí mo lè kà. Kòkòrò tó ń fa àrùn náà kì í ṣe àlejò. Ó ń gbé nínú ọ̀fun ọ̀pọ̀ èèyàn tí ara wọn le koko, kò sì ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Awọ tínrín tó wà nínú imú àti ọ̀fun ni ìlẹ̀kùn tó ń dá a dúró. Bí awọ yìí bá rin, ìlẹ̀kùn tì. Ọyẹ́ ló ń ba ìlẹ̀kùn náà jẹ́. Eruku tó ń gbé bọ̀ láti aṣálẹ̀ Sàhárà, pàápàá láti ibì kan tí wọ́n ń pè ní Bodélé ní ilẹ̀ Chad, á máa ha inú imú, gbígbẹ afẹ́fẹ́ á sì máa mú un là bí ó ti ń la ètè. Ibẹ̀ ni kòkòrò náà ń gbà wọ inú ẹ̀jẹ̀, á sì dé awọ tó bo ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn. Ooru Máàṣì kì í tún un ṣe, nítorí afẹ́fẹ́ ìgbà náà gbẹ bákan náà, eruku sì ń fẹ́ síbẹ̀. Àfi ìgbà tí òjò bá dé tí afẹ́fẹ́ rin. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣiṣẹ́ oko rí á yé yín: ọyẹ́ ló ń túlẹ̀, oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn ló ń kórè.

Èyí kì í ṣe àbá lásán. Ní ilẹ̀ Mali, àwọn onímọ̀ ka iye aláìsàn láti 1994 dé 2002, wọ́n sì rí i pé ìgbà tí atẹ́gùn gbígbẹ yìí bá dé góńgó rẹ̀, ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹfà ọdún, ni àjàkálẹ̀ náà máa ń bẹ̀rẹ̀. Ọdún 2005 ni wọ́n gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde. Nítòsí wa níhìn-ín, ní Zaria, Brian Greenwood àti àwọn dókítà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ahmadu Bello kọ̀wé nípa àjàkálẹ̀ tó jà níbẹ̀ lọ́dún 1977, tí aláìsàn lé ní 1,000.

Dókítà ará Faransé kan tó ń jẹ́ Lapeyssonnie ló fi hàn ní 1963 pé àrùn yìí ní ọ̀nà tirẹ̀ nílẹ̀ Áfíríkà, ó na bí ìgbànú láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn. Lónìí, láti Sẹ̀nẹ̀gà dé Etiópíà ni wọ́n ń ka ìgbànú náà sí. Kàdúná wà nínú rẹ̀. Ògbómọ̀ṣọ́ kò sí níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn ìyá wa nílé kò fi mọ àrùn yìí bí wọ́n ṣe mọ ibà, tó fi jẹ́ pé bí a bá pè wọ́n lórí fóònù pé ọrùn ọmọ le, wọ́n á ní kí a fi òrí pa á, kí a fún un ní àgbo. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Àmọ̀ràn Ògbómọ̀ṣọ́ kò ṣiṣẹ́ ní Kinkinau nínú oṣù Máàṣì.

Ẹ̀yin tí ẹ ti wà ní Kàdúná lọ́dún 1996 kò lè gbàgbé. Lọ́dún yẹn, ó lé ní 109,000 èèyàn tí àrùn yìí mú ní Nàìjíríà, ó sì pa èyí tó lé ní 11,000. Ilé oníyàrá méjìlá ni a ń gbé ní Kinkinau nígbà náà, Yorùbá mẹ́rin, Háúsá àti Núpé tó kù. Ọmọkùnrin kan wà nínú ilé náà, ọmọ ọdún méje, ọmọ Ọ̀ffà ni àwọn òbí rẹ̀. Ara rẹ̀ gbóná ní ọjọ́ Sunday. Wọ́n gbé e lọ sí kẹ́mísì kan, ẹni yẹn ní ibà ni, ó fún un ní oògùn ibà ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ Tuesday, ọmọ náà kò lè tẹ orí sí àyà mọ́, iná fìtílà ń dùn ún lójú, ó ń bì. Obìnrin Háúsá tó wà ní yàrá ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà ló wò ó lẹ́ẹ̀kan péré tó pariwo pé, “Sankarau ne!” Òun ló gbé e lẹ́yìn, kì í ṣe ìyá rẹ̀, nítorí ẹsẹ̀ ìyá ti kọ̀. Ọmọ náà yè. Ṣùgbọ́n etí rẹ̀ méjèèjì di, kò sì là títí di òní. Télọ̀ ni báyìí, ó sì mọ iṣẹ́ náà dénú. Bí mo bá ní aṣọ tí ó ya nínú ọjà mi, òun ló ń bá mi tún un ṣe, ọwọ́ la sì fi ń dúnàádúrà.

Wọ́n ní bí a kò bá tọ́jú àrùn yìí, ìdajì àwọn tó mú lè kú. Bí a bá tiẹ̀ tọ́jú rẹ̀, ó ṣì lè pa nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́wàá, nígbà púpọ̀ láàrin ọjọ́ kan sí méjì, àwọn mìíràn nínú àwọn tó yè á sì di adití tàbí kí ọpọlọ wọn má pé mọ́. Nítorí náà, ọjọ́ mẹ́ta ní kẹ́mísì kì í ṣe ohun kékeré.

Ọ̀rọ̀ yàrá wa ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, àwa Yorùbá ló burú jù nínú èyí. Òtútù kò mọ́ wa lára, a ń bẹ̀rù rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Bí Dìsẹ́ńbà bá ti dé, a ti fèrèsé, a fi àkísà dí abẹ́ ilẹ̀kùn, a kó ọmọ mẹ́fà sórí ẹní kan. Tí a bá lọ ṣọdún nílé, a tún mú ọmọ ẹ̀gbọ́n méjì bọ̀ ní Jánúárì pé kí wọ́n wá kọ́ṣẹ́, yàrá kan náà la sì kó wọn sí. Kòkòrò yìí, láti ẹnu àti imú ló ń ti ara ẹnì kan bọ́ sí ti ẹlòmíràn, bí wọ́n bá wúkọ́, bí wọ́n bá sín, bí wọ́n bá sùn síra wọn pẹ́kípẹ́kí. Àwọn aládùúgbò wa máa ń gbé ẹní jáde sí gbàgede bí ooru bá dé. Àwa a ní ojúlé kò yẹ kí ó ṣófo, olè lè wọlé.

Àwọn kan tún ń gbé àdògán èédú sínú yàrá láti fi yá iná. Ìyẹn kò kan yírùnyírùn, ṣùgbọ́n n kò lè fò ó. Èédú tó ń jó nínú yàrá tí a tì pa ń tú afẹ́fẹ́ olóró jáde tí kò ní òórùn, ẹni tó bá sùn sínú rẹ̀ lè má jí. Ẹ ra súwẹ́tà. Mo mọ̀ pé ẹ ó ní mò ń polówó ọjà mi, kò burú, ẹ ṣáà rà á.

Ó tún ku ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ará wa pé àrùn Háúsá ni, pé abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gbé kiri ojúlé kò kàn wá. Ó dára. Ẹ̀yin Alhaji àti Alhaja inú ẹgbẹ́ wa, ẹ wo káàdì yín. Láti ìgbà tí àrùn yìí ti jà láàrin àwọn arìnrìnàjò Mẹ́kà lọ́dún 1987 ni ilẹ̀ Saudi ti ń béèrè abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá ń lọ sí Hájì. A gba abẹ́rẹ́ nítorí ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ní Mẹ́kà, a kò gbà á nítorí ọgbọ̀n ọdún ní Kinkinau. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Ìlú Ọba pàápàá, ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ti ń gún àwọn ọmọ wọn ní ti yírùnyírùn, kò sì sí ẹni tó ń pè é ní àrùn Gẹ̀ẹ́sì. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ ti ẹ̀yà C lágbàáyé, ní 1999.

Ẹ̀yà ni mo wí, nítorí kòkòrò yìí ní oríṣiríṣi: A, C, W, X, Y àti àwọn mìíràn. Èyí tó jà níbí ní 1996, A ni. Abẹ́rẹ́ MenAfriVac, tí wọ́n ṣe ní Íńdíà fún Áfíríkà, bẹ̀rẹ̀ ní Burkina Faso ní Dìsẹ́ńbà 2010, ó dé Nàìjíríà ní 2011, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ẹ̀yà A rẹ́ pátápátá. Iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n bí A ti lọ, C gorí àga: láti òpin 2016 dé àárín 2017, èèyàn tí wọ́n fura sí pé ó mú lé ní 14,000 ní Nàìjíríà, ó pa 1,166, ìpínlẹ̀ Zamfara ló sì fara gbá a jù. Ní 2024, Nàìjíríà ni orílẹ̀-èdè tó kọ́kọ́ lo abẹ́rẹ́ tuntun tó ń dáàbò bo èèyàn lọ́wọ́ ẹ̀yà márààrún tí mo dárúkọ yẹn lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá ní òun ti gba ti tẹ́lẹ̀ rí, kí ó béèrè pé èwo ni òun gbà.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín jẹ́ SS, ẹ̀yin kò nílò kí n sọ fún yín pé òtútù fúnra rẹ̀ ń dá egungun ríro sílẹ̀. Kí ìbọ̀sẹ̀ má wọ́n lẹ́sẹ̀ wọn, kí wọ́n sì máa mu omi púpọ̀, nítorí gbígbẹ ọyẹ́ ń gbẹ ara lápapọ̀.

Bí ara bá gbóná tí ọrùn bá le láàrin Jánúárì sí Máyé, tàbí tí àwùjọ̀ ọmọ ọwọ́ bá wú, ilé ìwòsàn ni kí ẹ kọjá sí, ní òru tàbí ní ọ̀sán. Nọ́ọ̀sì kan nínú wa ti gbà láti bá wa sọ̀rọ̀ ní ìpàdé wa àkọ́kọ́ nínú oṣù Jánúárì. Ó ní kí olúkúlùkù mú káàdì abẹ́rẹ́ àwọn ọmọ rẹ̀ dání, títí kan ti àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé.