Ojú Tí Olùkọ́ Fi Ń Wo Ọmọ

"Àǹtí, ẹ bá mi sọ fún wọn pé ọmọ mi kì í ṣe òpùrọ́." Ìyá kan ló sọ̀rọ̀ yìí fún mi nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní gúúsù Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Olùkọ́ ń bá ọmọ rẹ̀ wí, ọmọ dorí kodò, olùkọ́ sì kọ ọ́ sínú ìwé pé ojú rẹ̀ ń sá, pé irọ́ ló ń pa. Bẹ́ẹ̀, ilé ni wọ́n ti kọ́ ọ pé ẹni tó bá tẹjú mọ́ àgbà nígbà ìbáwí, àfojúdi ló ń ṣe. Olùkọ́ yẹn kò kórìíra ọmọ náà. Òye ojú tí wọ́n fi tọ́ òun ló fi ka ojú ọmọ ọlọ́mọ.

Láti 1999 ni mo ti ń bá àwọn olùkọ́ wá irú èrò tó fara sin bẹ́ẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n àwọn kan ti la ọ̀nà kí n tó dé. Ní 1971, Bernard Coard, ọmọ Grenada tó ń ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, kọ ìwé pẹlẹbẹ kan tí New Beacon Books tẹ̀ jáde. Ó fi hàn pé àwọn ọmọ Karíbíánì tí wọ́n ń kó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn tí wọ́n kà sí olódo ti pọ̀ jù, pé ìdánwò tí wọ́n fi ń yẹ̀ wọ́n wò kò mọ èdè ilé wọn, àti pé olùkọ́ kò retí nǹkan gidi lọ́wọ́ wọn. Àwọn òbí gbé ìwé náà kiri. Ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ Sátidé tí wọ́n ń dá sílẹ̀ fúnra wọn sì ń pọ̀ sí i.

Ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ni ìròyìn ìwádìí Macpherson jáde lórí ikú Stephen Lawrence, ọ̀dọ́mọkùnrin dúdú tí wọ́n gún pa ní Eltham, ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, ní 1993. Ìròyìn náà sọ ọ́ gbangba pé ẹ̀tanú lè máa ṣiṣẹ́ níbi iṣẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀ọ́mọ̀ gbèrò ibi.

Mo mọ̀ pé òótọ́ ni, nítorí mo ti ṣe é. Olùkọ́ ìṣirò ni mí nígbà náà. Ìpele mẹ́ta ni ìdánwò GCSE ìṣirò, tí àwọn ọmọ ń ṣe ní nǹkan bí ọdún 16, pín sí nígbà náà: ẹni tó wà ní ìsàlẹ̀ kò lè gbà ju D lọ, C sì ni àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ń béèrè. Mo kọ orúkọ ọmọkùnrin kan tí òbí rẹ̀ wá láti Jàmáíkà sí ìsàlẹ̀. Ariwo rẹ̀ pọ̀. Ọmọ Nàìjíríà kan wà ní kíláàsì kan náà tí máàkì wọn jọra, ṣùgbọ́n ó jẹ́ẹ́, mo fi í sí àárín. Ọ̀pọ̀ wa nínú àwọn Yorùbá Lọ́ńdọ́ọ̀nù máa ń kìlọ̀ fún ọmọ wa pé kó má bá ọmọ Jàmáíkà rìn, mo sì ti gbọ́ ìkìlọ̀ yẹn títí ó fi di ojú tí mo fi ń ríran. Ọmọkùnrin tí mo fi sí ìsàlẹ̀ gba D. Kò síbi tó tún lè gbà kọjá ibẹ̀. Èmi ni mo dí i.

Nígbà tó yá, àwọn olùwádìí méjì, Simon Burgess àti Ellen Greaves, fi iye tí olùkọ́ fún àwọn ọmọ ọdún 11 ní England wé èsì ìdánwò tí ará ìta máàkì, wọ́n sì rí i pé olùkọ́ máa ń fojú kéré àwọn ọmọ dúdú ju àwọn ọmọ funfun lọ. Mo ka ìwádìí náà, mo rántí ọmọkùnrin yẹn.

Lẹ́yìn tí ọlọ́pàá pa George Floyd, ọkùnrin dúdú kan ní Amẹ́ríkà, ní 2020, fóònù mi kò sinmi. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wákàtí kan lórí Zoom nípa èrò tó fara sin ni ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ń béèrè. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kéde pé àwọn yóò dá irú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ dúró fún òṣìṣẹ́ ìjọba, pé kò sí ẹ̀rí pé ó ń yí ìwà padà. Ó dùn mí gan-an. Ṣùgbọ́n lórí wákàtí kan yẹn, mi ò lè bá wọn jiyàn. Wákàtí kan kò tó láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ ọmọ 30.

Ọ̀nà tí mo ń gbà báyìí gùn díẹ̀. Lónìí ìpele méjì ló kù nínú GCSE ìṣirò, 5 nínú 9 sì ni òpin ti ìsàlẹ̀. Kí a tó fi orúkọ àwọn ọmọ sílẹ̀ fún ìdánwò, olùkọ́ á bo orúkọ, á wo máàkì, á yan ìpele, lẹ́yìn náà la óò ṣí orúkọ. A máa ń ṣe é ní gbogbo sáà, nítorí èrò yẹn máa ń padà wá.

Ìwé orúkọ kíláàsì mi àtijọ́ ṣì wà lọ́wọ́ mi. Òun ni mo máa ń kọ́kọ́ fi han àwọn olùkọ́. Orúkọ àwọn ọmọ nìkan ni mo fi bébà bò. Orúkọ tèmi wà nísàlẹ̀ rẹ̀ gbangba.