Ìsinmi Létí Òkun

Ẹ̀yin ìyàwó ilé ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀pọ̀ nínú wa ní Bódìjà àti Agbowó ni inú wa máa ń dùn bí baálé bá ní òun yóò kó ilé lọ sí etíkun l'Ékòó. Ilé tí a ń háyà fún ọjọ́ díẹ̀ pọ̀ ní Lẹ́kí, wọ́n sì ní ilé ìdáná. Ilé ìdáná yìí gan-an ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Nígbà tí àwa gba irú ilé bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, mo ti se ọbẹ̀ ata láti Ìbàdàn, mo gbé e sínú kúlà oníyìnyín. Ìrẹsì nìkan ló kù, baálé mi ló sì ń sè é. Kí ni èrè ìsinmi, bí ìyá bá kúrò nídìí ààrò kan bọ́ sí ìdí òmíràn?

Ọ̀rọ̀ náà kọjá ti àárẹ̀. Etíkun Lẹ́kí kọjú sí agbami Àtìláńtíìkì. Ìgbì tó ń padà sẹ́yìn lè wọ́ àgbàlagbà lọ, áńbọ̀sì ọmọdé. Tarkwa Bay, tí ọkọ̀ ojú omi ń gbé ni dé, parọ́rọ́ jù ú lọ, nítorí òkúta tí wọ́n tò sẹ́nu ọ̀nà òkun ń dá ìgbì dúró. Síbẹ̀, níbi gbogbo, ojú àgbà kan gbọ́dọ̀ wà lára ọmọ. Ẹni tó ń dín dòdò kò lè ṣọ́ omi.

Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó ilé, ẹ bá baálé yín jókòó: ta ni yóò dáná, ta ni yóò ṣọ́ ọmọ, nígbà wo ni ìyá náà yóò sinmi?